Owó oúnjẹ ìgbà ọyẹ́: Ta ló ń jẹ èrè rẹ̀?

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè ń gbẹ, tí eruku pupa ń bo ewé igi ẹ̀bá ọ̀nà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọjà ọdún ti dé. Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí wọ inú ọdún tuntun, owó ńlá ni àwọn èèyàn ilẹ̀ Yorùbá ń ná sórí oúnjẹ àti ohun mímu. Àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó, l'Ábùjá àti lókè òkun ń darí wálé. Ìgbéyàwó ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ń ṣe ìsìnkú àgbà, ọdún ìlú ń tẹ̀ lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni Kérésìmesì àti ọdún tuntun ń bẹ níwájú. Ìkòkò kì í kúrò lórí iná.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa ni pé, nínú gbogbo owó yìí, èló ló ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ tó gbin ìrẹsì, obìnrin tó ń yan gàrí, adẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ àti ẹni tó ń sin adìyẹ ní abúlé tó súnmọ́ wa? Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìdáhùn rẹ̀ kò dùn mọ́ni. Owó wọlé láti ìgboro, ó yí po ní abúlé fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì tún jáde padà sí ọwọ́ àwọn tó ń kó ìrẹsì òkè òkun àti adìyẹ inú yìnyín wọlé. Nígbà tí oṣù Kìíní bá dé, àwọn tó yẹ kí ọdún náà gbé dìde gan-an ló máa ń wá owó ilé ìwé ọmọ kiri.

Ìrẹsì ló gba iwájú

Kò sí oúnjẹ tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn tó ìrẹsì. Láyé àwọn bàbá wa, oúnjẹ ọdún ni ìrẹsì. Lónìí, oúnjẹ ojoojúmọ́ ni. Síbẹ̀ a kò ṣàìní tiwa. Ìrẹsì Ọ̀fàdà, tó gba orúkọ lára ìlú Ọ̀fàdà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì Igbẹ́mọ náà wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń gbin Ọ̀fàdà, òjò ló ń bomi rin ín, ìgbà tí òjò bá sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ń kórè rẹ̀. Èyí ni pé ìkórè rẹ̀ bọ́ sí àsìkò tí gbogbo èèyàn ń wá ìrẹsì ọdún. Ọlọ́run ti bá wa ṣètò rẹ̀. Àwa ni a kò bá ètò náà lọ.

Ìrẹsì yìí ní àǹfààní mìíràn. Nítorí pé wọn kì í bó o dé ògidì funfun bí ti òkè òkun, èèpo inú rẹ̀ kì í lọ tán, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú èròjà tó ń ṣara lóore wà. Ṣùgbọ́n epo tó wà nínú èèpo yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀ bí ìrẹsì funfun. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ sí ibi tó gbóná tàbí tó ní ọ̀rinrin, òórùn rẹ̀ yóò yí padà. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tí kò ní àká tó dára kò fi lè fi í pamọ́ de ọjà olówó gọbọi.

Òfin òní, òfin ọ̀la

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkàn àgbẹ̀ ìrẹsì kì í fi í balẹ̀, kí ó wo bí àwọn òfin ìjọba ṣe ń yí padà láàárín ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, fi ìrẹsì àti ogójì ọjà mìíràn sínú àwọn ohun tí oníṣòwò kò gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ìjọba gba dọ́là rà mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ètò ìyáwó fún àgbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Anchor Borrowers' Programme, ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Ní 2016, àwọn aṣọ́bodè kéde pé ìrẹsì kò gbọ́dọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba ti ẹnubodè pátápátá, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Kejìlá 2020. Kódà nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní ìrẹsì àti adìyẹ kò sí lára ohun tó lè gba ibẹ̀ wọlé.

Àwọn àgbẹ̀ gbọ́, wọ́n gbin ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá 2023, CBN yọ ìdènà dọ́là náà kúrò. Nígbà tó di oṣù Keje 2024, nígbà tí ebi ń pa ará ìlú, Mínísítà ètò ọ̀gbìn, Abubakar Kyari, kéde pé fún àádọ́jọ ọjọ́, a lè kó àgbàdo, àlìkámà, ẹ̀wà àti ìrẹsì tí wọn kò tíì bó funfun wọlé láìsan owó ibodè. Ní 2025, owó oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́jà. Inú àwọn tó ń ra oúnjẹ dùn, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ fi igbe ta pé owó ajílẹ̀ àti owó òṣìṣẹ́ oko tí àwọn ná kò wọlé padà.

A kò sọ pé kí ebi máa pa ará ìlú kí àgbẹ̀ lè rí èrè. Ìjọba tó bá rí i pé ebi ń pa àwọn èèyàn kò lè káwọ́ gbera. Ohun tí a ń sọ ni pé àgbẹ̀ tó gbin ìrẹsì ní oṣù Karùn-ún kò mọ òfin tí yóò wà lóde nígbà tó bá kórè ní oṣù Kọkànlá. Ta ni yóò fi owó rẹ̀ dókòwò bẹ́ẹ̀? Bí òfin yóò bá yí padà, kí wọ́n ti kéde rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí ó má ṣe bá ìrẹsì lórí ìdúró.

Ẹ̀kọ́ inú ìrẹsì LAKE àti ilé iṣẹ́ Ìmọ̀tà

A ti rí àpẹẹrẹ pé ìjọba lè ran oúnjẹ ilé lọ́wọ́ ní àsìkò ọdún. Ní oṣù Kẹta 2016, ìpínlẹ̀ Èkó àti Kebbi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà ń bọ̀, ìrẹsì LAKE jáde, wọ́n sì ta àpò rẹ̀ tó tó 50kg ní ₦12,000, nígbà tí ti òkè òkun ti sún mọ́ ₦20,000. Àwọn èèyàn tò lọ rẹrẹẹrẹ láti rà á. Èyí fi hàn pé ará ìlú kò kórìíra ìrẹsì ilé. Owó rẹ̀ àti bí ó ṣe mọ́ sí ni wọ́n ń wò.

Láti ibẹ̀ ni èrò ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tó wà ní Ìmọ̀tà, lẹ́bàá Ìkòròdú, ti gbilẹ̀. Ààrẹ Buhari ló ṣí i ní oṣù Kìíní 2023. Wọ́n ní ẹ̀rọ ibẹ̀ lè bó tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í gbin ìrẹsì. Ìpínlẹ̀ Èkó kò ní ilẹ̀ tó lè bọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yó, nítorí náà láti ọ̀nà jíjìn ni ìrẹsì eléèpo ti gbọ́dọ̀ wá. Bí owó mọ́tò bá wọ́n, bí ọ̀nà kò bá dára, tàbí bí àwọn jàǹdùkú bá lé àgbẹ̀ kúrò lóko ní òkè ọya, ẹ̀rọ náà yóò máa wo òkè. Àgbẹ̀ ìtòsí, ní Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì, ló yẹ kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bá dá májẹ̀mú, kí ó sì sọ iye tí yóò rà á kí wọ́n tó gbìn ín.

Ibi tí owó àgbẹ̀ ti ń sọnù

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń lọ. Àgbẹ̀ yá owó ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò láti ra irúgbìn, láti san owó oko ríro, àti láti gba àwọn tí yóò máa lé ẹyẹ. Bí ìrẹsì bá pọ́n, gbogbo gbèsè náà ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo àgbẹ̀ agbègbè kan ń kórè lọ́sẹ̀ kan náà, gbogbo wọn ń tà lọ́sẹ̀ kan náà, owó ọjà wálẹ̀. Alágbàtà dé pẹ̀lú ọkọ̀ àti owó lọ́wọ́, ó ra ìrẹsì eléèpo lówó pọ́ọ́kú, ó gbé e lọ bọ̀, ó bó o, ó sì dúró de ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn oṣù Kejìlá. Ẹni tó lè dúró ló ń jẹ èrè. Àgbẹ̀ kò lè dúró.

A kò bú alágbàtà. Òun ló ní ọkọ̀, òun ló ní àká, òun ló sì ń gba ewu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí èrè dé oko, ohun méjì ló pọn dandan: kí owó dé ọwọ́ àgbẹ̀ kí gbèsè tó ká a mọ́lé, kí ẹ̀rọ ìbórẹsì àti ibi ìgbẹ́rẹsì sì wà ní ìtòsí rẹ̀.

Àjọ ọdún lè ṣe é

Níbí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tó wà ní abúlé àti ìlú kéékèèké, fi etí sílẹ̀. A ní ohun kan tí ìjọba kò fún wa, tí kò sì lè gbà á lọ́wọ́ wa, ìyẹn ni àjọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń dá owó oúnjẹ ọdún. Bí oṣù Kejìlá bá dé, wọn a lọ ra ìrẹsì, òróró àti tòmátò inú agolo, wọn a pín in.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ọgbọ̀n èèyàn bá ń dá ₦1,000 lọ́sẹ̀ fún ogójì ọ̀sẹ̀, ₦1,200,000 ni. Títí di oṣù Kẹsàn-án, púpọ̀ nínú owó yìí kàn jókòó sọ́wọ́ alájọ ni. Bí irú àjọ bẹ́ẹ̀ bá bá àgbẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n mọ̀ dájú sọ̀rọ̀, tí wọ́n san ìdá kan nínú owó náà sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, tí wọ́n sì san ìyókù nígbà tí ìrẹsì bá dé, àgbẹ̀ kò ní sáré ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀kúpọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ pàápàá kò ní bá ọ̀wọ́n ìparí ọdún pàdé. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ lè lọ wo oko náà kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí wà, kí wọ́n má sì kó gbogbo owó lé ọwọ́ ẹnì kan, nítorí òjò lè kọ̀, ẹyẹ sì lè jẹ oko. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti adìyẹ. Láti ọdún 2003 ni ìjọba ti fòfin de kíkó adìyẹ inú yìnyín wọlé, síbẹ̀ gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń gba orílẹ̀-èdè Benin wọlé. Ẹni tó ń sin adìyẹ nílé ń ra àgbàdo àti sóyà lówó iyebíye láti bọ́ wọn fún oṣù púpọ̀, ọjọ́ díẹ̀ péré ló sì ní láti fi tà wọ́n. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti sọ fún un ní oṣù Kẹsàn-án pé àwọn yóò gba ogún tàbí ọgbọ̀n, ó mọ iye tí yóò sìn.

Bí ọjà kò bá mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní rà á

Òótọ́ ọ̀rọ̀ dà bí ìsọkúsọ, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Ìfẹ́ ilé nìkan kò tó láti mú kí èèyàn jẹ òkúta. Ẹdùn ọkàn tí ọ̀pọ̀ ní sí ìrẹsì wa ni pé òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, èyí kò sì ṣẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń pa á lórí ilẹ̀ lásán tí wọ́n sì ń sá a sí ẹ̀bá títì. Tapólì tó mọ́ àti pèpéle oníṣìmẹ́ńtì lè mú púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta yóò sì ṣe ìyókù. Ẹ̀rọ yìí wọ́n fún àgbẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kò wọ́n fún ẹgbẹ́ tàbí ìjọba ìbílẹ̀.

Ìlera tún wà níbẹ̀. Àìsàn ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, máa ń gbilẹ̀ sí i ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó máa ń kàn jù. Èkúté ló ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ sì lè ba gàrí, èlùbọ́ tàbí ìrẹsì tí a sá síta tí a kò bò jẹ́. Oòrùn ọyẹ́ dára fún èlùbọ́, kò sí irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a sá a sí orí ibi gíga, kí a kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a sì dé e pa nínú ike tó ní ọmọrí.

Ní ti ohun mímu, a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní oṣù Kẹrin 2015. Ọtí ìbílẹ̀ tí kẹ́míkà methanol wà nínú rẹ̀ ni àwọn elétò ìlera ní ó fa ikú tó ju ti èèyàn mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Ojú àwọn mìíràn sì fọ́. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, NAFDAC sì fòfin de ògógóró ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Ọtí olóró tí àwọn díẹ̀ tà ba orúkọ gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹlẹ́mu, oníkúnú àti ẹni tó ń se sóbò gbọ́dọ̀ rántí pé orúkọ ni ọjà àwọn: omi tí a sè, ike tí a fọ̀ mọ́, àti ẹmu tí a kò bù mọ́. Oníbàárà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí ó ra lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, kí ó sì sanwó tó yẹ fún ohun tó mọ́.

Oṣù Kìíní náà ńkọ́?

Bí ọdún bá ti kọjá, ọjà a tú. Àpò gbogbo èèyàn a gbẹ bí ilẹ̀ ọyẹ́. Àsìkò yìí ni iyá oníàkàrà àti ẹlẹ́kọ máa ń jìyà jù, nítorí wọ́n ti yá owó kó ẹ̀wà àti àgbàdo jọ, èedú àti gáàsì kò sì dínwó. Ìrànwọ́ tí a bá ṣe ní oṣù Kejìlá nìkan, tí a sì gbàgbé wọn ní oṣù Kìíní àti Kejì, ìrànwọ́ ààbọ̀ ni.

Ìlú ọba pàápàá, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, mọ̀ pé oníṣòwò oúnjẹ kò lè dá la irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kọjá. Nígbà àrùn kòrónà, láti oṣù Keje 2020, wọ́n dín owó orí ọjà lórí oúnjẹ ilé oúnjẹ kù láti ìdá 20 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fà á kọjá ìgbà òtútù náà. Ní oṣù Kìíní 2021, wọ́n tún kéde owó ìrànwọ́ tó lè tó £9,000 fún ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ tí òfin kónílé-ó-gbélé tì pa. Àwọn ọmọ wa tó ń ta oúnjẹ wa ní Peckham náà wà lábẹ́ òfin yìí. Àwa kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ láti pín, ṣùgbọ́n a ní ohun tí a lè dáwọ́ rẹ̀ dúró. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2025 kò fi owó orí ọjà sórí oúnjẹ kòṣeémánìí. Ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó orí Àbújá ló ń dà láàmú obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ rù. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni, owó ilẹ̀ ni, owó àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà oko ni. Bí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ bá lè so owó yìí rọ̀ fún oṣù méjì péré lẹ́yìn ọdún, ọ̀pọ̀ yóò mí.

Kí olúkúlùkù ṣe tirẹ̀

Ní oṣù Kejìlá 2024, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ ọmọdé kan ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi tí àwọn òbí kó wọn lọ kí wọ́n lè rí ẹ̀bùn gbà. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn tún kú ní Òkìjà àti ní Àbújá níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì àti oúnjẹ. Ẹ̀dùn ńlá ni. Àwọn tó fẹ́ ṣàánú kò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ro ọ̀nà mìíràn. Olówó tó fẹ́ fi àpò ìrẹsì ọgọ́rùn-ún tọrẹ lè ra á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìlú rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, kí àwọn baálẹ̀ àti olórí àdúgbò sì pín in láti ojúlé dé ojúlé láìsí pé ẹnikẹ́ni tò. Nípa bẹ́ẹ̀, owó kan náà yóò gbọ́ bùkátà àgbẹ̀, yóò sì bọ́ aláìní.

Ẹ̀yin àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àwọn ọmọ bá fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ béèrè ohun tí wọn yóò rà wálé fún ọdún, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé ìrẹsì láti Èkó bọ̀. Kí wọ́n fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹ lè ra á lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá jókòó nípàdé ẹgbẹ́, ẹ dá àbá àjọ ìrẹsì ilé. Bí òkúta bá wà nínú ìrẹsì tí ẹ rà, ẹ má kàn yí padà sí ti òkè òkun. Ẹ pe ẹni tó tà á, ẹ sọ fún un. Àtúnṣe níbẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí: ìjọba ní tirẹ̀, àgbẹ̀ ní tirẹ̀, àwa tí a ń jẹun náà sì ní tiwa. Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí owó rẹ̀ kò kúrò láàárín wa ló lè lé ìṣẹ́ jìnnà sí ilé wa.